Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ Géèmù Àlòkù Ránṣẹ́ Sílé

Ẹ̀yin ọmọ Yemẹtu, ọmọ Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ẹ̀yin tí ẹ sọdá òkun tí ẹ kò sì gbàgbé ọ̀nà tó ti Adéọ̀yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Òjé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹni tí kò bá tíì bá a pàdé, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a pàdé kí ẹnìkan nínú wa má mẹ́nu bà á: ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ní ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹ̀rọ géèmù, ẹni tí wọ́n bẹ̀ sì ń rò ó bóyá kí òun ra tuntun tí apá òun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká, tàbí kí òun ra àlòkù tí oníṣòwò ti tú, tí ó ti nù, tí ó ti tún ṣe, tí ó sì fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ èmi náà láti ẹnu ọmọ àbúrò mi obìnrin, mo sì rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kí n tó fèsì. Ibi tí ìrònú náà gbé mi dé ni mo fẹ́ fi síwájú yín.

Kí a kọ́kọ́ gbà pé eré kì í ṣe ohun ìtìjú ní ilẹ̀ wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn bàbá wa ni a ti bá ọpọ́n ayò, ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, níbi tí ọ̀ta ti ń jẹ ọ̀pẹ, tí ọ̀pẹ náà sì ń ti ibẹ̀ kọ́ ìṣirò, sùúrù, àti bí ènìyàn ṣe í pàdánù láìjà. Bẹ́ẹ̀ ni ohun ìwòran kò ṣe àjèjì sí àdúgbò wa, nítorí Agodi, tí ó múlé ti Yemẹtu, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV kalẹ̀ sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ọmọ tí ó bá ń fẹ́ kí òun ṣe eré lójú tẹlifíṣọ̀n ní Yemẹtu kò béèrè ohun tí ó ta ko ìṣe ìran rẹ̀.

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó la ọ̀nà iṣẹ́ ẹ̀rọ géèmù sílẹ̀ sì jẹ́ adúláwọ̀. Jerry Lawson, tí a bí ní ìlú New York ní ọdún 1940, ni ó ṣáájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe ẹ̀rọ Channel F fún ilé-iṣẹ́ Fairchild, èyí tí ó jáde ní ọdún 1976. Ṣáájú rẹ̀, eré tí wọ́n bá kàn mọ́ inú ẹ̀rọ ni ẹni tó rà á yóò máa ṣe títí yóò fi sú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí Channel F dé, eré dá dúró, ẹ̀rọ dá dúró, ènìyàn lè yọ ọ̀kan kí ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó lè fi yá ọ̀rẹ́, ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó sì lè tà á bí ó bá sú u. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí pa mọ́ sínú, nítorí a óò nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí irú ẹ̀rọ tí ó yẹ kí a rà.

Iye owó ni ó gbé ọ̀rọ̀ àlòkù dìde. Nígbà tí PlayStation 5 dé Britain ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, 449.99 pọ́ùn ni wọ́n ń ta èyí tí a ń ki síídì bọ̀. Dípò kí ó wálẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, Sony fi owó lé e ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ó di 479.99 pọ́ùn. Ní ilé, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e, dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní ọwọ́ ìjọba ti kọjá 1,500 náírà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Bí a bá ṣírò pọ́ùn kan sí 2,000 náírà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo yóò gbé nǹkan bí 960,000 náírà, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ohun tí òṣìṣẹ́ kan kò lè kó jọ láàárín ọdún kan gbáko, bí kò tilẹ̀ jẹ tí kò mu, ni a ń sọ yìí.

Àlòkù kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà ètò ọrọ̀ ajé SAP ọdún 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ni mọ́tò tòkúnbọ̀ ti gba títì, tí fíríìjì tòkúnbọ̀ ti gba ilé, a sì ti fi ojú ara wa rí i pé àlòkù tó bọ́ sọ́wọ́ rere a máa pẹ́ ju tuntun tó bọ́ sọ́wọ́ jágbajàgba lọ. Ṣùgbọ́n àlòkù ju àlòkù lọ. Èyí kan wà tí ó jẹ́ pé ó sú ẹni tó ń lò ó ni ó fi gbé e sọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹni tó bá ra irú èyí láìdán an wò ti ra ọ̀bọ lápò. Òmíràn wà tí oníṣòwò ti tú palẹ̀, tí ó ti gbọn eruku inú fáànù rẹ̀, tí ó ti pààrọ̀ ọ̀dà tó ń fa ooru kúrò lára ọpọlọ ẹ̀rọ, tí ó ti yẹ ojúhò wáyà tẹlifíṣọ̀n wò, tí ó ti dán pàádì wò bóyá ó ń dá rìn fúnra rẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ó bá bàjẹ́ láàárín ìgbà báyìí, ọ̀dọ̀ òun ni kí a gbé e padà wá. Owó tí ó fi lé èyí ju ti ìṣáájú lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí a ra ẹ̀rọ, a sì ra ẹni tí yóò dáhùn fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé tuntun kì í bàjẹ́. Xbox 360 tí ó jáde ní ọdún 2005 pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn tó rà á ní tuntun tí iná pupa tàn lójú rẹ̀ tí ó sì kú fin-ín fin-ín, títí tí Microsoft fi kéde ní oṣù Keje ọdún 2007 pé àwọn yóò máa tún èyí tó bá ní àrùn náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n sì ya ohun tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ sọ́tọ̀ fún un. Ohun tó gba àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn sílẹ̀ ni pé ẹni tó ta ọjà náà kò sá.

Ní Britain tí mo wà yìí, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 kò jẹ́ kí oníṣòwò lè sá. Ó ní ohun tí oníṣòwò bá tà, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe àlòkù, gbọ́dọ̀ dára bí ó ti yẹ, kí ó rí bí wọ́n ti júwe rẹ̀, kí ó sì lè ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó rà á ní 30 ọjọ́ láti dá a padà kí ó sì gba owó rẹ̀ pé. Odi rere ni òfin yìí, ṣùgbọ́n etí òkun ni odi náà parí sí. Ẹ̀rọ tí ó bá dákẹ́ ní Yemẹtu, ta ni yóò tún gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú padà wá bá oníṣòwò London, tí owó ẹrù kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ilé gan-an ni ohun tí yóò dán ẹ̀rọ wò wà: iná mànàmáná ilé-iṣẹ́ IBEDC tí ó lè wọlé wẹ́rẹ́ bí àtùpà kí ó sì tún ru sókè lójijì, àti eruku ọyẹ́ tí ń wọ gbogbo ihò tí fáànù bá fi ń mí. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ àbúrò mi, gbólóhùn kan ni ó fi dá mi lóhùn: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohun tí n óò máa gbé kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún nǹkan ṣe ránṣẹ́ sí mi.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó la ojú mi sí i pé èmi tí mò ń rà kọ́ ni mo ni ẹrù náà, ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ni ó ni ín, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Bí a bá sì wo ilé dáadáa, ilé fúnra rẹ̀ yóò sọ èyí tí a óò rà. PlayStation 4, tí ó dé Britain ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, kì í ṣe ẹ̀rọ ìgbàlódé jù lọ mọ́, ṣùgbọ́n ó gba iná láti 100 dé 240 fóòtì, síídì eré tí a rà níbikíbi lágbàáyé ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ẹni tó ni ín sì lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀ ibi tí ó ń kó ìrántí sí bí ó bá bàjẹ́. Irú rẹ̀ tí ó tín-ín-rín, tí ó jáde ní ọdún 2016, kì í sábà mu tó 100 wáàtì nígbà tí eré bá ń lọ, nígbà tí PlayStation 5 lè mu nǹkan bí 200, ìyàtọ̀ yìí kò sì kéré lójú ìyá tí ó ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, láti ìgbà tí lítà epo bẹntiróòlù ti gun òkè láti ìsàlẹ̀ 200 náírà ní ọwọ́ ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023 títí dé àyíká 1,000 náírà ní ọdún 2024. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tí iná yín jẹ́ 120 fóòtì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó, nítorí èyí tí wọn kò bá kọ 100 sí 240 sí, iná ilé lè jó o ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ mu ún.

Ibí ni ogún Jerry Lawson ti wúlò fún wa. Àwọn ẹ̀rọ kan ti wà báyìí tí kò ní ibi tí a ń ki síídì bọ̀ rárá, tí gbogbo eré wọn ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀, eré kan a sì máa gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ gígábáìtì. Ẹni tí ó ń ra dátà ní Nàìjíríà, níbi tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi ìdajì lé owó wọn ní oṣù Kíní ọdún 2025, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní síídì kan lè fi yá ọmọ ilé kejì, kí ó gba ti ẹni yẹn, kí agbo ilé márùn-ún fi síídì márùn-ún ṣe eré ọdún kan. Bí a ti ń gbé ní Yemẹtu nìyẹn, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ ara wa ra ohun tí yóò ti ìlẹ̀kùn yíyá àti gbígbà mọ́ àwọn ọmọ wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbé mì. Lára wa wà tí ń di ẹ̀rọ tó ti kú mọ́ ẹrù, tí ń sọ pé wọn yóò rí i tún ṣe ní ilé. Ẹ rántí ìlú Kókó, ní ọdún 1988, tí wọ́n kó àgbá májèlé wá dà sí láti Ítálì. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ wa ti mọ̀ pé ilẹ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe ààtàn ẹni. Òfin tí àjọ NESREA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ń mú ṣẹ láti ọdún 2011 kò gba kí a kó ẹ̀rọ iná tó ti kú wọlé ní orúkọ àlòkù, bẹ́ẹ̀ òjé àti kẹ́míkà inú wọn ni àwọn ọmọ tó ń ṣa irin lórí ààtàn Olusosun ní Èkó ń fi ọwọ́ lásán tú, tí wọ́n ń fi iná sun. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ lójú tiwa, kí ó má kúrò lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, mo ra àlòkù, mo sì rà á lọ́wọ́ oníṣòwò tó tún un ṣe, mo gbé e sí yàrá mi, mo jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ kárakára kí 30 ọjọ́ tí òfin fún mi tó pé, mo pa orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ rẹ́ kúrò nínú rẹ̀, n kò sì fi nọ́ńbà káàdì báǹkì kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó sanwó, mo ti ní kí ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lọ sí àdúgbò Queen Cinema ní Ìbàdàn, láti wá ẹni tó mọ inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ó sì ní ohun ìpààrọ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí i ni mo tó rà á.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún ni pé kí ìbéèrè “Ta ni yóò tún un ṣe ní Ìbàdàn?” máa ṣáájú “Èló ni?” ní ẹnu wa, kí olúkúlùkù wa tó bá mọ oníṣẹ́ ọwọ́ tòótọ́ ní ilé mú un mọ ẹgbẹ́, kí a lè máa júwe wọn fún ara wa. Owó tó bá sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa nítorí pé a ra àlòkù dípò tuntun, kí a yọ díẹ̀ níbẹ̀ ná sórí ọmọ Yemẹtu kan tó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ, kí a bá a ra irinṣẹ́, kí a bá a san owó ọ̀gá. Ẹ̀rọ tí a rà lónìí yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, bó pẹ́ bó yá, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá kọ́ láti tún un ṣe yóò wà nílé nígbà tí a kò sí níbẹ̀.