Òṣùwọ̀n Iná Mànàmáná

Gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń lò ni ó ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Kóńgò ni a fi ń wọn gàárì, ọ̀pá ni a fi ń wọn aṣọ, ìgò sì ni a fi ń wọn epo. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò ṣeé bù sínú kóńgò, kò sì ṣeé fi ọ̀pá wọ̀n. Ojú kò rí i nínú wáyà tí ó ń gbà kọjá, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ kàn án kì í fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bí ó bá tilẹ̀ yè é. Síbẹ̀, ó ní òṣùwọ̀n mẹ́rin, orúkọ ọ̀mọ̀ràn mẹ́rin ni a sì fi pè wọ́n.

Èkíní ni fóòtì, ìrántí Alessandro Volta, ará Ítálì, ẹni tí ó fi bátìrì han ayé ní ọdún 1800. Èkejì ni ámpíà, ìrántí André-Marie Ampère, ará Faransé. Ẹ̀kẹta ni óòmù, ìrántí Georg Simon Ohm, ará Jámánì. Ẹ̀kẹrin ni wáàtì, ìrántí James Watt, ará Skọ́tílándì, ẹni tí ó tún ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹni tí ó bá ti rí àgbá omi lórí òpó yóò mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí àgbá bá ti ga tó ni omi yóò ti fi ipá wá sílẹ̀ tó. Irú ipá yìí ni fóòtì ń wọ̀n. Iye omi tí ń gba inú páìpù kọjá ni a lè fi wé ámpíà. Bí páìpù bá tóóró, tàbí bí ó bá gùn jù, omi kò ní lè ṣàn dáadáa. Irú ìdènà bẹ́ẹ̀ ni óòmù ń wọ̀n. Iṣẹ́ tí omi náà lè ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni a lè fi wé wáàtì.

Ìlú Erlangen ni a bí Ohm sí ní ọdún 1789. Ẹni tí ń ṣe àgádágodo ni bàbá rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìṣirò, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Ohm di olùkọ́ ní ìlú Cologne ní ọdún 1817, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwádìí lórí iná mànàmáná. Ó mú wáyà bàbà tí wọ́n nípọn bákan náà, ṣùgbọ́n tí gígùn wọn yàtọ̀ síra, ó ń fi iná gba inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣọ́ bí abẹ́rẹ́ òòfà ti ń yí. Nítorí pé bátìrì ìgbà náà kì í dúró lójú kan, ó so irin oríṣi méjì pọ̀, ó fi ìdí kan sínú ooru omi híhó, ó sì fi ìdí kejì sínú omi dídì, ipá iná náà sì dúró ṣinṣin. Ní ọdún 1827, ó tẹ ohun tí ó rí sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé kò kà á sí. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Cologne sílẹ̀, ọdún sì gorí ọdún kí ó tó rí ipò gidi mìíràn. Ní ọdún 1841 ni ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Ọdún 1852 ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich. Ní ọdún 1854 ó jáde láyé.

Òfin tí ó fi sílẹ̀ kò gùn rárá: bí a bá fi ámpíà pín fóòtì, óòmù ni yóò jáde. Òfin mìíràn sì bá a rìn: bí a bá sọ fóòtì di púpọ̀ ní iye ìgbà ámpíà, wáàtì ni yóò jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Bí iná ilé bá jẹ́ 230 fóòtì, tí áyọ́ọ̀nù sì ń fa 5 ámpíà, ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ 46 óòmù, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 1150 wáàtì.

Nígbà mìíràn, iná a máa lọ sílẹ̀. Bí ó bá di 115 fóòtì, ìdènà áyọ́ọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà 2.5 ámpíà péré ni yóò fà. Agbára rẹ̀ yóò sì di 287.5 wáàtì. Fóòtì di ìdajì, ṣùgbọ́n agbára di ìdámẹ́rin. Ìdí nìyí tí aṣọ kò fi ń nà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Òdìkejì èyí ni ó léwu. Nǹkan bí 120 fóòtì ni iná ilé ní Amẹ́ríkà. Bí ẹbí kan bá fi áyọ́ọ̀nù tí a kọ 115 fóòtì àti 10 ámpíà sí lára ránṣẹ́ láti ibẹ̀, 11.5 óòmù ni ìdènà rẹ̀. Bí a bá kì í bọ inú iná 230 fóòtì, 20 ámpíà ni yóò fẹ́ fà, agbára rẹ̀ yóò sì kúrò ní 1150 wáàtì, yóò di 4600. Ẹ̀bùn di ẹ̀fín nìyẹn.

Wáyà pàápàá ní ìdènà tirẹ̀. Bí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá ní ìdènà óòmù kan, tí 5 ámpíà sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, 5 fóòtì ni yóò jẹ lójú ọ̀nà, ooru rẹ̀ yóò sì jẹ́ 25 wáàtì. Bí a bá fi áyọ́ọ̀nù kejì kún un, tí iná di 10 ámpíà, ooru náà kì yóò di 50, bí kò ṣe 100 wáàtì. Bí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ ẹní tàbí nínú àjà, rọ́bà ara rẹ̀ a yọ́, ilé a sì gbiná. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi fíúsì sí ojú ọ̀nà iná, kí ó lè já kí wáyà tó gbóná jù. Ẹni tí ó bá yọ fíúsì tí ó sì fi wáyà lílekoko rọ́pò rẹ̀ ti lé olùṣọ́ ilé rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní ayé òde òní, inú àjà ni iná ń sùn ní tòótọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ sùn sábẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ka ohun tí a kọ sí ara ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó sì ṣe ìṣirò díẹ̀.