Ojú Ló Ń Gbá Snooker Kí Ọwọ́ Tó Gbá A

Ọmọ tó ń sọ òkò sí máńgòrò kì í wo òkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èso tó fẹ́ já ló ń wò. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ mọ ibi tí òkò wà. Àmọ́ bí ọmọ náà bá dàgbà, tó mú ọ̀pá snooker, tó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí tábìlì, ojú rẹ̀ a máa há sára bọ́ọ̀lù funfun tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù náà fẹ́ sá lọ. Bí bọ́ọ̀lù pupa kò bá wọ ihò, ọwọ́ ni yóò dá lẹ́bi. Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti ọwọ́.

Snooker kì í fojú fo àṣìṣe kékeré. Tábìlì tó péye gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ tó 6. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan kò sì ju mìlímítà 52.5 lọ ní ìbú. Bí ọ̀pá bá yà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ náà yóò ti di ńlá kí bọ́ọ̀lù tó dé òdìkejì. Àwọn tábìlì kékeré tí a ń pè ní snooker ní ìgboro wa máa ń ṣàánú ènìyàn. Tábìlì ńlá kì í ṣàánú.

Orí ìdúró ni àfojúsùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣèré yóò fa ìlà kan lọ́kàn láti inú ihò gba àárín bọ́ọ̀lù pupa kọjá. Ibi tí ìlà náà ti yọ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù funfun gbọ́dọ̀ kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n a dojú ọ̀pá kọ ibi ìkànra náà gan-an, wọ́n a gbàgbé pé bọ́ọ̀lù funfun ní ara, àti pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò kàn án, kì í ṣe àárín rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá a máa fojú inú gbé bọ́ọ̀lù funfun mìíràn kalẹ̀ níbẹ̀, kí ó fara kan pupa. Àárín bọ́ọ̀lù tí kò sí níbẹ̀ yìí ló ń fojú sùn.

Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, ojú lè máa lọ láti ara funfun sí ara pupa nígbà tí ọ̀pá ń lọ síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá ti fà sẹ́yìn fún ìgbà ìkẹyìn, kí ojú gúnlẹ̀ sára pupa, kó má sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Kí orí pẹ̀lú dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé orí sókè láti wò ó bóyá bọ́ọ̀lù wọlé, gbígbé orí náà ni kò sì jẹ́ kó wọlé.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú méjèèjì wo inú ìgò. Ojú ọ̀tún Joe Davis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ríran dáadáa. Kò fi ọ̀pá sí abẹ́ àárín àgbọ̀n rẹ̀. Abẹ́ ojú òsì ló ń gbé e gbà. Ìgbà 15 ló gba ife àgbáyé láàárín 1927 sí 1946, kò sì sí ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀ nínú ìdíje náà títí ó fi fi í sílẹ̀.

Ti Dennis Taylor, ọmọ Àríwá Ireland, tún yàtọ̀. Bí ẹni tó wọ awò ojú lásán bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí tábìlì, orí férémù ni ojú rẹ̀ máa ń gbà kọjá, kì í gba inú dígí. Wọ́n ṣe awò ojú ńlá tí dígí rẹ̀ ga fún Taylor, àwọn ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín pé ó dojú rẹ̀ dé. Ní àṣekágbá ife àgbáyé ọdún 1985 ní Sheffield, Steve Davis gba abala mẹ́jọ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Taylor lé e bá títí ó fi di 17 sí 17, tó sì ku bọ́ọ̀lù dúdú kan ṣoṣo. Ó ti kọjá òru, àwọn ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 18 lọ ní Bìrìtìkó sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n wọn. Davis gbá dúdú náà létí jù, kò wọlé. Taylor gbá a wọlé.

Kì í ṣe awò ojú ló gba ife náà fún un. Ohun tó ṣe tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni pé ó wádìí bí òun ṣe ń ríran nígbà tí òun bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tún un ṣe láìka ẹ̀rín sí. Kí ẹni tó ń pàdánù lójoojúmọ́ tó ra ọ̀pá tuntun, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: níbo ni ojú wà nígbà tí ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù?