Imú Ni Mo Fi Kọ́ Irú Ṣíṣe

Agbára apá nìkan ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irú ń fẹ́. Ní Òkè-Ògùn tí mo ti kọ́ ọ, ìrọ̀lẹ́ la máa ń gbé èso igi irú kaná, yóò sì máa hó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A ó gún un kí èèpo lè bọ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè.

Ìgbà tí a bá dà á sínú agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, tí a fi àpò bò ó kí ooru má bàa jáde, ni imú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní, "Ìyá, ó ti jinná o, ẹ wá gbóòórùn ẹ̀."

Ìyá tó ń kọ́ mi bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò sẹ́yìn díẹ̀, ó sì yára bò ó padà. "Òórùn ẹ̀wà sísè ló ṣì wà lára ẹ̀, ọmọ mi. Jáde síta ná, kí o tó padà wá gbọ́ ọ."

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn. Òórùn tètè máa ń mọ́ imú lára. Ẹni tó bá jókòó ti irú pẹ́ kò ní mọ ìgbà tó yí padà mọ́. Atẹ́gùn ìta ló ń tún imú ṣe.

Lẹ́yìn òórùn ẹ̀wà ni ọ̀kan tó dùn díẹ̀ ń wọlé, lẹ́yìn náà ni èyí tó ń ta ní imú. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ló ń tú purotéènì inú irú palẹ̀, tí amóníà fi ń jáde. Bí a bá fi ìka méjì mú ẹyọ kan nígbà náà, yóò yọ̀, yóò sì fà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí òórùn kíkan bá jáde, omi ló kù sí i lára.

Ó ń dùn mí nígbà tí ọ̀dọ́ bá di imú nítorí irú. Òórùn yẹn gan-an ni adùn ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń lá ọwọ́ sí.

Irú wooro ti mọ́ mi lọ́wọ́. Irú pẹ̀tẹ̀ ni mo ń kọ́ báyìí: ìyá ń fi kúúrú, tí wọ́n fi èso ìṣápá ṣe, sí i nígbà sísè kejì kí ó lè rọ̀, òórùn tirẹ̀ sì tún yàtọ̀.