Ọdún Kìíní Akọ̀wé Kádì

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wá sí wòlímọ̀ wa tó kọjá yóò rántí eré ilé-ẹjọ́ tí àwọn ọmọ fi èdè Lárúbáwá ṣe. Ẹ ké Allahu Akbar, ẹ sì ná àwọn ọmọ lówó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó dé orí pèpéle ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé èmi gan-an ló bá wí.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún 13. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá kọ orúkọ sílẹ̀ fún eré náà, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni, ilẹ̀ ló máa ń wò. Mo fi í ṣe akọ̀wé kádì: kó jókòó, kó mú kálàmù lọ́wọ́, kó dákẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí kádì rí, àfi ẹni tó bá ti dé Ìlọrin, níbi tí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣẹ́ríà ti Ìpínlẹ̀ Kúwárà wà. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ẹni tó bá pẹjọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Bí kò bá ní ẹ̀rí, ẹni tó sẹ́ ni yóò búra. Hádíìsì náà wà nínú àwọn tí Imam an-Nawawi kó jọ, àwọn ọmọ sì ti há a sórí. Ẹjọ́ tí mo kọ fún wọn ni ti oníṣòwò kan tó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó láìkọ ọ́ sílẹ̀, láìpe ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ Suratul-Baqarah ẹsẹ 282 ti pa á láṣẹ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ sẹ́, ó búra, kádì sì dá a sílẹ̀.

Inú bí àwọn ọmọ. “Ustaz, irọ́ ló pa, ẹ̀yin náà mọ̀!” Mo ní èmi tí mo kọ eré ni mo mọ̀, kádì kò mọ̀.

Akọ̀wé wa na ọwọ́ sókè. Láti oṣù mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. “Ustaz, ṣé kádì gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kó tó dájọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ẹ ṣeun, sà.” Ó sì padà sídìí kálàmù rẹ̀.

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ní ọdún tó ṣáájú, owó Àlàrùbá kíláàsì wọn sọnù nínú àpótí mi. Ọmọ kan tí mo fọkàn tán ní òun rí i nídìí àpótí. Pàṣán ni mo gbé. Nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó pa ẹnu mọ́, mo sì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Títí di òní a kò rí owó náà. Ẹ̀rí kò sí, ìbúra tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ n kò sì fún un. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń túmọ̀ Suratu Saad fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, ibi tí àwọn oníjà méjì ti gun ògiri wọlé tọ Ànábì Dáúdà, tí àwọn onítúmọ̀ kan sì sọ pé ó yára dájọ́ kó tó gbọ́ ti ẹnìkejì.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ kejì, mo pè é, mo ní kó sọ tirẹ̀. Ó ní kálàmù òun ló já bọ́ sídìí àpótí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tọrọ àforíjì níwájú kíláàsì, ara mi kò sì lélẹ̀, kí n má purọ́. Mo lọ bá bàbá rẹ̀ nílé. Bàbá gbọ́ mi tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ustaz, bí ẹ ṣe ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà, èmi náà tún nà án.”

Ọmọ náà bẹ̀ mí ní ohun kan ṣoṣo: kí n yí eré padà, kó jẹ́ pé lóòótọ́ ni olùjẹ́jọ́ kò gba owó, olùpẹjọ́ ló gbàgbé ẹni tó yá. Mo yí i padà. Ó ní òun ni yóò ṣe olùjẹ́jọ́.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, bàbá rẹ̀ wà ní ìlà kejì lábẹ́ àtíbàbà. Nígbà tí kádì ní kí olùjẹ́jọ́ sọ tẹnu rẹ̀, ọmọ náà gbé ojú sókè, àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá sì gbọ́ ọ.