Ọ̀gá, Ẹ Wo Wi-Fi Kámẹ́rà

Lọ́jọ́ Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Rumuola, a so Canon 70D mọ́ kọ̀ǹpútà kí màmá oníbàárà wa lè máa rí fọ́tò rẹ̀ bá a ṣe ń yà á. EOS Utility kò rí kámẹ́rà. A pààrọ̀ wáyà, a pa kọ̀ǹpútà, a tún tàn án. Pàbó! La bá jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ wa pé òun ló ba kámẹ́rà jẹ́.

Ọmọ náà rọra ní, "Ọ̀gá, ẹ wo Wi-Fi." Bí Wi-Fi 70D bá wà ní títàn, kì í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí wáyà. Àwa fúnra wa la tàn án lálẹ́ àná. A bẹ̀ ẹ́ níwájú màmá.

Ẹ jọ̀ọ́, ká máa béèrè ká tó bínú.