Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Bí a bá ní kí á ka iṣẹ́ ọwọ́ tí Yorùbá ń ṣe, ilẹ̀ yóò ṣú kí á tó kà á tán. A ní alágbẹ̀dẹ, a ní gbẹ́nàgbẹ́nà, a ní ahunṣọ, a ní amọ̀kòkò, a ní àwọn tí ń fín igbá, a sì ní aláró. Gbogbo wa ni a máa ń yìn wọ́n, pàápàá àwa tí a ń kọ́ nípa èdè. Ṣùgbọ́n ìyìn kì í ra òwú, bẹ́ẹ̀ ni kì í san owó ilé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni èyí: ẹni tí ó ní iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́, níbo ni yóò ti rí alátìlẹ́yìn? Ṣé òkè òkun ni, àbí Èkó, àbí ìta ilé rẹ̀ gan-an?

N kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Abẹ́òkúta ni a bí mi sí, ọmọ aláró sì ni mí. Owó aró ni ìyá mi fi rán mi ní ilé ìwé. Kí n tó mọ A, B, D ni mo ti mọ òórùn ìkòkò aró.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà ni yóò wí pé aṣọ àdìrẹ wọ́n. Ní ti àtijọ́, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún lódó, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá sí oòrùn. Wọn a kó eérú sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, wọn a da omi sí i. Omi tí ó bá sẹ̀ láti inú eérú náà ni wọn yóò fi rẹ ẹ̀lú fún ọjọ́ mélòó kan, títí yóò fi kan. Bí ẹlẹ́kọ ni a fẹ́ ṣe, a óò se ẹ̀kọ láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, a óò fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun, tàbí kí á gbé páánù tí a ti gé ọnà sí lé e, kí á fi ẹ̀kọ kùn ún. Bí oníko ni, iko ni a óò fi dì í. Bí alábẹ́rẹ ni, abẹ́rẹ́ ni a óò fi rán an. Ibi tí ẹ̀kọ tàbí okùn bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní; afẹ́fẹ́ ni í sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú ẹni. A óò tún tì í bọ̀ ọ́, a óò tún yọ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó tó dú bí ó ti yẹ. Aró òyìnbó àti sódà ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò lónìí nítorí pé wọ́n yá, ṣùgbọ́n dídì àti yíyà ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni.

Ẹ má sì rò pé ìjàkadì aláró ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ọdún 1930, Aláké àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fi òfin de sódà àti aró òyìnbó ní Abẹ́òkúta, nítorí àwọn kan ń sọ pé wọ́n ń ba orúkọ àdìrẹ jẹ́. Àwọn obìnrin aláró kọ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sọ tẹnu wọn, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1936 láti gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé obìnrin kan ṣoṣo nídìí ìkòkò rẹ̀ kò lè mú ìjọba jókòó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹgbẹ́ ni alátìlẹ́yìn àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ ọwọ́ ní, kò sì jìnnà sí i: ẹni tí wọ́n jọ ń ná ọjà, tí wọ́n jọ ń dá èésú, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Alátìlẹ́yìn kejì ni ẹni tí ó ní iṣẹ́ láti gbé fún ni. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Ọ̀sì, gbẹ́ igi níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti tún iṣẹ́ kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ń fẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fẹ́ ère. Àwọn ọmọ agbẹ́gilére sì mọ ọwọ́ tí a fi ń gbẹ́ ẹ. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, síbẹ̀ ó gbẹ́ ère fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbẹ́ fún ààfin, nígbẹ̀yìn ó di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ṣe é. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo Òṣogbo. Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní àárín ìlú, níbi tí àwọn ará ọjà lè yà sí. Ní ọdún 1964, Georgina Beier kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Ta ni àwọn ọ̀dọ́ náà? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Ládípọ̀ fúnra rẹ̀. Múráínà Oyèlámì wà níbẹ̀, Jímọ̀ Búráímọ̀ wà níbẹ̀, Twins Seven-Seven náà wà níbẹ̀. Wọ́n rí àyè, wọ́n rí ọ̀dà, wọ́n rí ẹni tí yóò wo iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àlejò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń rà á, ọjà tí ó sì gbára lé àlejò, ọjọ́ tí àlejò bá ń relé ni yóò tú. Nítorí náà ni mo ṣe ń yin Nike Okundaye, tí ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo kan náà ní ọdún 1983, tí ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdìrẹ láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí a kọ́ náà ni yóò kọ́ ẹlòmíràn.

Ó wá kù alátìlẹ́yìn kẹta, èyí ni ó sì kàn wá jù: ẹni tí yóò ra ọjà. Lónìí, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n ya ọnà àdìrẹ sí, ti kún ọjà, ẹdínwó sì ni. Ní èṣí, ẹgbẹ́ wa kan ń wá aṣọ fún àjọ̀dún rẹ̀. Mo ní kí á rà á lọ́wọ́ aláró. Àwọn kan ní aṣọ ẹ̀rọ dára tó, pé ta ni yóò mọ ìyàtọ̀? Mo tẹ ìyá mi láago bóyá wọn yóò dín owó kù.

Wọ́n ní, “Àjàní, ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í ṣe ẹ̀rọ?”

Mo ní, “Wọn kò mọ̀, Màámi.”

“Ó dára. Má bá mi bẹ̀ wọ́n. Sọ bí a ti ń ṣe é fún wọn, kí o sì ní kí wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo dìde nínú ìpàdé, mo ṣàlàyé ẹ̀kọ, ìyẹ́ àti iko. Àríyànjiyàn náà gùn, àwọn mìíràn kò gbà títí dòní. Ṣùgbọ́n ènìyàn 40 san ìdajì. Owó àsansílẹ̀ yìí ni ìyá mi fi ra aṣọ funfun láìyá owó èlé. Ọmọbìnrin kan tí ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tí ó ti fi aró sílẹ̀ lọ máa ta káàdì ìpè létí ọ̀nà, wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó sì padà wá. Ó wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí. Ẹ kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo èyí: ìkòkò tí kò bá ní ọmọ tí yóò dúró tì í, bí ìyá bá kú, yóò fọ́ ni.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, ẹ má jókòó de ìjọba tàbí òyìnbó. Ẹ wá ẹgbẹ́ yín, ẹ kan ilẹ̀kùn ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ààfin tí ó wà ní ìlú yín, kí ẹ sì ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún ẹni tí ń ná an. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni a ń kọ ìwé lórí àṣà, tí a ń gba oyè lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á san àsansílẹ̀ fún àwọn tí àṣà náà wà lọ́wọ́ wọn. Aṣọ ẹgbẹ́ wa ti ọdún tí ń bọ̀, ta ni yóò rẹ ẹ́?