Òwú Já, Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́

Àwa mẹ́ta la dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. A háyà ṣọ́ọ̀bù oníyàrá méjì, a ra kọ̀ǹpútà mẹ́rin tí wọ́n ti lò rí àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpù tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó wọn. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ti gba Ìbàdàn àti Èkó lọ, àwọn mìíràn ti jápa. Àwa ní a ò lọ síbì kankan. Títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí wọ́n tún ṣe, lójú tiwa, ọ̀nà tí iṣẹ́ lè gbà wọ ìlú ni, kì í ṣe ọ̀nà tí ọ̀dọ́ ń gbà sá lọ nìkan.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yé wa. Ohun tí kò yé wa ni bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá tí a ti sìn rí, ariwo ni wọ́n fi ń darí wa, a sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é. A lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: ẸNI TÓ BÁ ṢE ÀṢÌṢE, OWÓ OṢÙ RẸ̀ LA MÁA FI TÚN UN ṢE. A rò pé ìyẹn ló ń jẹ́ ká ṣiṣẹ́ bí iṣẹ́.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí gbogbo wa ń pè ní Ọmọ Ṣakí, torí pé ibẹ̀ ló ti wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní polí ni, orí rẹ̀ sì pé. Ní oṣù àkọ́kọ́ tó dé, ó fi iye owó oníbàárà kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àṣìṣe kékeré ni. Ṣùgbọ́n ojú àwọn oníbàárà la ti pariwo mọ́ ọn, a sì yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nínú owó oṣù rẹ̀. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti dákẹ́. Àwa sọ láàárín ara wa pé ó ti gbọ́n.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ló ń tún nǹkan ṣe nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá eléèlùbọ́ kan. Obìnrin 214 ni wọ́n. Ó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, gbogbo iye tí kálukú ti dá jọ sì di òdo. Ká ní ó pè wá lójú ẹsẹ̀ ni, ìdajì wákàtí la ò ní lò tán, torí pé alaalẹ́ ni kọ̀ǹpútà wa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀dà alẹ́ mẹ́ta péré la ní kó máa tọ́jú. Bí ti òní bá wọlé, èyí tó pẹ́ jù á jáde. Ọmọ Ṣakí ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ sílé, ó ń dá tún un ṣe ní Jímọ̀, ní Sátidé, ní Sọ́ńdè. Alẹ́ mẹ́ta yẹn ló fi jẹ́ pé ẹ̀dà tó ní òdo nínú ti lé ẹ̀dà rere mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, akápò ẹgbẹ́ náà pè wá. Kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, owó wa dà?"

Owó wọn wà ní báǹkì, kò sí ẹni tó gbé e. Ṣùgbọ́n ta ló ni èló níbẹ̀? Ìyẹn ni a ò mọ̀ mọ́. Ẹ wo bí a ṣe bú ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ẹnìkan nínú wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pe bàbá mi. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Ìtẹ́ aláṣọ òkè kan wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù wa. Ariwo wa ló gbé bàbá tó ni ín dìde. Ó wọlé, ó ní ká dákẹ́. Nígbà tí a rojọ́ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Bí òwú bá já lọ́dọ̀ yín, ta ló kọ́kọ́ ń gbọ́?" A wo ara wa lójú.

Bàbá ní ká wá wo ìtẹ́ òun. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òwú nà síwájú wọn, òkúta ló fà á le lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi ké pé, "Ó já o!" Kò sẹ́ni tó bú u. Èyí tó jókòó tì í bá a so ó, iṣẹ́ ń lọ. Bàbá ṣàlàyé: bí ọmọ bá sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n so ó ni, tàbí kí wọ́n tú ìwọ̀n ìka méjì. Bó bá fi pamọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá ń rán aṣọ náà pọ̀ ni wọ́n máa tó rí i, ìlà ò ní bá ìlà mu, aṣọ ti bàjẹ́. Kì í ṣe pé bàbá kì í bá ọmọ wí o. Ó ń bá ẹni tó bá pẹ́ dé wí, ó ń bá ẹni tó bá purọ́ wí. Ṣùgbọ́n kì í bá ẹnikẹ́ni jà torí òwú tó já. Òwú á ṣáà já ni.

Oru mẹ́sàn-án la fi jókòó pẹ̀lú akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Káàdì tí àwọn ìyá náà ká mọ́ ìdí ìró àti ìwé àkọsílẹ̀ akọ̀wé ló gbà wá là. Ọmọ Ṣakí ló tẹ èyí tó pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà la ya ìwé ara ògiri. A wá fi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ sílẹ̀ kí kálukú máa sọ òwú tó já lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, kí ọ̀gá sì kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Jímọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àwa la bẹ̀rẹ̀: ta ló ní kí ẹ̀dà jẹ́ ti alẹ́ mẹ́ta péré? Àwa ni. Ta ló fún ẹni tuntun láṣẹ láti dá fọwọ́ kan owó 214 èèyàn? Àwa náà ni. Ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì lóòótọ́, àmọ́ àwa la ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀dà ọgbọ̀n ọjọ́ là ń tọ́jú, ẹni méjì ló sì gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ kó tó kan àkọsílẹ̀ oníbàárà.

Ẹ̀yìn èyí la tó kà nípa Amy Edmondson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà. Ó wádìí àṣìṣe oògùn láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, ó sì rí i pé ikọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa gan-an ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ jù. Àlàyé tó rí ni pé ẹnu wọn ń gbà á láti sọ ọ́, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàṣìṣe ju àwọn yòókù lọ. Iléeṣẹ́ Google náà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 2012, wọ́n yẹ ikọ̀ 180 wò. Ohun tó ṣe pàtàkì jù tí wọ́n rí ni kí èèyàn lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á. Ọ̀nà jíjìn la gbà débi tí bàbá òdìkejì títì ti wà.

A ò sọ pé a ti mọ̀ ọ́n jẹ. Ẹnìkan lo inú rere wa láti máa pẹ́ dé, a ní láti kọ́ pé àìbìkítà yàtọ̀ sí àṣìṣe, pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a fi tòsì fà á mọ́ra. Nígbà mìíràn, ariwo àtijọ́ ṣì ń wá sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Ògùn tiwa níbí, bí ọmọ tó mọṣẹ́ kan bá fi ìbẹ̀rù lọ, ọdún kan lè kọjá ká má rí irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbikíbi, ẹ fara balẹ̀ wo ẹni tó dákẹ́ jù lọ́dọ̀ yín. Ó lè má jẹ́ pé ó ti gbọ́n.

Lóṣù tó kọjá, aago méjì òru, fóònù wa dún. Ọmọ Ṣakí ni.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ó já o."

A dìde, a so ó. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi parí.